Igi Ìdáná Tí Ìyá Rẹ Tò Sílẹ̀

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú nígbà òjò ọdún tó kọjá, sítóòfù gáàsì tí o ní o máa rà fún un sì dé lọ́sẹ̀ yìí. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi tó o wà. Ara mi le. Èmi náà ni mò ń dáná fúnra mi báyìí, oúnjẹ kì í sì í jóná mọ́ mi lọ́wọ́ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ẹ̀rín tó ń rín kò kàn ọ́.

Ẹni tó gbé gáàsì wá ní ó kún. Mo mì ín, mo gbọ́ omi tó ń ró nínú ẹ̀. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ, igi tútù lásán ń fi èéfín fọ́ wa lójú, kí la wá fẹ́ sọ nípa omi gangan? Mo bá gbé sílíńdà náà sínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí mo ń sá, kó lè gbẹ. Àbúrò rẹ obìnrin ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ dé, ló bá figbe ta, ó ní Bàámi, ṣé gbogbo àdúgbò lẹ fẹ́ pa ni! Wẹ́dà sáré wá gbé e sí ibòji. Ó ní omi inú ẹ̀ gan-an ni iná. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fún ẹni tí kò fi omi paná rí.

Ó tàn án fún mi ṣá. Kò ní èéfín, kò ní ẹ̀yinná, eérú gan-an ò sí. Ó dáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe bàtà máa ń gbé àpótí wá sídìí ààrò láràárọ̀, a jọ ń yáná, a jọ ń purọ́ ìgbà èwe. Àwa méjèèjì jókòó ti gáàsì náà lánàá, orúnkún wa ò móoru, àbúrò rẹ ní à ń fi gáàsì ṣòfò.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Igi tí ìyá rẹ là, tó tò sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣì ku ìdajì. Àbúrò rẹ ní gáàsì ti dé, kí oníbúrẹ́dì wá kó o, òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì síbẹ̀. Mi ò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin ín, mi ò ní sunkún nítorí igi. Ṣùgbọ́n òun ló tò ó, àwọn tó nípọn nísàlẹ̀, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, mo sì fẹ́ máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tán lábẹ́ ìkòkò tèmi.

Ẹ̀rú àáké mi ti kán, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ọlọ́run yóò máa ṣí ọ̀nà fún ọ.

Mi ò lè bá ọmọ tó ń fọ aṣọ mi jà, ìwọ ni àkọ́bí, mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá ní kí wọ́n kó o, èmi fúnra mi á bá oníbúrẹ́dì dì í sọ́kọ̀. Àmọ́ má fi fóònù sọ ọ́. Wá dúró níwájú igi náà, kó o wá sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.