Bàbá Mi Kọ̀ Láti Gbàdúrà sí Mọ́tò Oníná Tí Mo Yàn

Àǹtí Lois, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò. Mi ò parí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí dẹ́rẹ́bà tó tó mi ní Kabba.

Mo di iṣu kún oríṣi mọ́tò oníná méjì, mo wà wọ́n lọ Òkè-Bùkún láti dán wọn wò. Òkúta ń ha ìdí èyí tí ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi ń tà. Ìkejì kọjá láìfara kan nǹkan, òun ni mo máa rà.

Bàbá mi ní àwọn ò ní gbàdúrà sí i, àfi tí mo bá ra ti ará ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Nílé wa, mọ́tò tuntun kì í gbéra láìgbàdúrà. Mo ní, "Bàbá, ṣé àdúrà yín á gbé ìdí tọ̀hún sókè ni?" Wọ́n lé mi síta.

Màmá mi ló máa gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé àdúrà ìyá kì í gbà lórí mọ́tò ni?