Ilé Ìgbẹ̀bí Tí Wọ́n Yí Kọjú sí Títì

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025
Irọ́ ni. Ọ̀gá Gilbert, ayàwòrán ilé, kò sá lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ń sọ ọ́ kiri pé ó fi kọ̀ǹpútà tan ẹgbẹ́ tó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí jẹ, ilé náà gbóná bí ààrò, ó sì na pápá bora. Ọ̀gá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Apá ọ̀tún kò gbé, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo ohun tí a bá sọ ni wọ́n ń gbọ́.
Èmi tí mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni màá fèsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì
Mo tún ṣí Ilé Inú Gíláàsì—orúkọ tí mo fún ilé tí a kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ilé ìwé abúlé ni mo lọ, Ọ̀gá ló fi ọwọ́ mi lé kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ní, "Má kàn yàwòrán. Kọ́ ọ. Fi oòrùn sí i, fi afẹ́fẹ́ sí i, kí o wo bó ṣe máa rí lára aláboyún." Nínú tiwa, fèrèsé wà ní àríwá àti gúúsù. Ògiri tí kò ní fèrèsé ló kọjú sí títì, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wá. Yàrá tutù láìsí jẹnẹrétọ̀.
Ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí èèkàn ìpìlẹ̀ wọlẹ̀. Kí Ọ̀gá tó padà dé, ẹgbẹ́ ti yí gbogbo ilé—kí iwájú ilé tí orúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àwọn, wà lè kọjú sí títì. Ìpìlẹ̀ ti jinlẹ̀. Ìjà tí Ọ̀gá jà kò yí nǹkan kan padà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì
Mo dé ilé ìgbẹ̀bí náà láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ti tẹ́ ẹní síta, sábẹ́ igi mángòrò. Nọ́ọ̀sì Mubarakah ní, "Ọ̀gá ẹ ò ṣe é re o. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ara ẹ̀ gbóná bí ìkòkò!" Mo fi Ilé Inú Gíláàsì hàn án lórí fóònù. Ó rí i pé fèrèsé kò kọjú sí títì níbẹ̀. Ó ní òun á jẹ́rìí.
Ẹlẹ́rìí kan nìyẹn. Richard bíríkìlà, tó kan èèkàn—ẹni kejì. Ayman tí a jọ wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá—ẹni kẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Fẹ́búárì
Ìpàdé ẹgbẹ́. Mo yí ilé náà lójú wọn nínú kọ̀ǹpútà. Oòrùn wọ yàrá. Alága, Alhaji Abdulhakeem—Ojú-Títì ni mo ń pè é níbí—rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa, ká náwó tán, ká wá kẹ́yìn sí títì? Kí ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"
Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ yí i. Ọ̀gá mi kọ́."
Ariwo sọ. "Ta ló bí eléyìí?"
Richard ní òun ò rántí. Ayman kò wá; ẹgbẹ́ ti gbé iṣẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún un. Mubarakah dìde, ọ̀gá nọ́ọ̀sì rẹ̀ wò ó, ó jókòó.
Mi ò ka ẹlẹ́rìí mọ́.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì
Ọjọ́ mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti rí àtúnṣe: ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú fèrèsé, kí a fi ọparun ṣe ọgbà sí i. Oòrùn á kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ á ṣì wọlé.
Mo gbé e lọ bá Ojú-Títì; ó wò ó dáadáa. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Èyí dáa. A ó ṣe é. Ṣùgbọ́n Gilbert á fọwọ́ sí ìwé pé òun ló ṣàṣìṣe. Ẹgbẹ́ ò ní kọ́lé lẹ́ẹ̀mejì, kó tún jẹ́ pé àwa la jẹ̀bi."
Mo ní láéláé.
"Ooru ò ní dúró dè ẹ́ o."

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì
Mubarakah pè mí. Wọ́n ti gbé ọmọ tuntun kan lọ sí ọsibítù ńlá nítorí ooru.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì
Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo mú ìwé tí Ojú-Títì ti tẹ̀ sílẹ̀ fún Ọ̀gá láti fọwọ́ sí dání, kí n fà á ya lójú wọn. Mo sọ ti ọmọ náà. Mo ka ìwé náà síta. Ọ̀gá na ọwọ́ òsì. Mo rò pé ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ dì mú. Bírò ni wọ́n ń wá.
Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ orúkọ wọn tán sí i. Ó wọ́, bíi tọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀gbọ́n wọn bú sẹ́kún. Ọ̀gá tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà: kí n máa lọ.
Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ojú-Títì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò wo ojú mi. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni káfíńtà máa wá.
Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ọ̀la.