Àkùkọ Luyanda Kì í Ṣe Ìgbéyàwó

Abúlé Mkwaila,
Ntcheu.

Tisungane ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Cape Town níbẹ̀, ṣé Luyanda náà wà dáadáa, ṣé otútù òkun yẹn kò tíì wọ̀ yín légungun? Àwa ńkọ́, a dúpẹ́, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí òjò bá sì ti fẹ́ ṣú, orúnkún yẹn ló kọ́kọ́ ń sọ fún wa. Ọlọ́run tó mú ọ la odò kọjá kò ní jẹ́ kí o rì sínú ìwé.

A rí iṣẹ́ tí o fi fóònù rán pé kí n lọ búra ní kóòtù, kí n sọ pé mo mọ̀ pé ìwọ àti Luyanda ti ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n pé ẹ kò tíì ṣègbéyàwó, kí ìjọba wọn lè fún ọ ní ìwé ìgbélùú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà tí èmi wà níbi ìwakùsà ní Johannesburg, ìka la fi tẹ ìwé, kò sẹ́ni tó bi wá pé ta la ń sùn tì. Ó yà mí lẹ́nu pé ìjọba tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ń wá ẹ̀rí pé èèyàn kò ṣègbéyàwó, nígbà tó jẹ́ pé níbí ńṣe là ń fi í pa mọ́. O tún ní bánkì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sórí ìwé kan náà, kí iléeṣẹ́ iná náà sì jẹ́rìí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó má sunkún mọ́, pé àwọn ará bánkì ni alárinà yín báyìí, èèyàn iyì sì ni wọ́n, wọ́n máa ń wọ táì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Lackson, ló fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. O mọ̀ pé òun ló yẹ kó dúró fún ọ tọ́rọ̀ ọkọ bá dé. Ó ní òun ò ní gbà kí n lọ búra èké, pé o ti lọ́kọ. Mo ní láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà Kérésì, tí Luyanda dá wá kí wa torí pé bí ìwọ bá jáde níbẹ̀ láìníwèé wọn ò ní jẹ́ kí o padà wọlé, tó ra àkùkọ pupa lọ́jà Lizulu tó sì fà á lé ìyá rẹ lọ́wọ́. Ó ní adìyẹ la fi ń so tọkọtaya pọ̀ nílẹ̀ wa, àti pé òun ti fi itan rẹ̀ jẹ òkèlè nsima, ìgbéyàwó náà ti wà níkùn òun.

Tí mo bá ní ẹ kò tíì fẹ́ra yín, bóyá mo purọ́ níwájú Ọlọ́run. Tí mo bá sì ní ẹ ti fẹ́ra, ìjọba á bèèrè ìwé ẹ̀rí, àkùkọ kò sì fún wa ní rìsíìtì.

Ni mo bá mú Lackson, a wọkọ̀ lọ sí kóòtù. Obìnrin kan, Nasolo, ni akọ̀wé ibẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi itan adìyẹ pa mọ́. Ó bi Lackson pé ta ló dúró fún ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Lackson ní kò sẹ́ni kankan, ọmọkùnrin náà nìkan ló wá. Nasolo ní abo adìyẹ wo lẹ̀yin náà fún un dípò àkùkọ rẹ̀, bí àṣà ṣe wí. Lackson ní a ò fún un ní nǹkan kan ju ọ̀dùnkún lọ. Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹran lẹ jẹ. Ẹ ò jẹ ìgbéyàwó.” Lackson wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá eegun itan náà.

Nasolo wá kọjú sí mi, ó ní kí ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe torí ìwé lẹ ṣe ń gbé pọ̀. Mo ní lọ́jọ́ kejì tí Luyanda dé, àrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ló bá fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri àgbàlá, ó pè ọ́, ó ń bi ọ́ bóyá àrá ń sán níbẹ̀ náà. Mo ní a ò sọ fún un rí pé ẹ̀rù àrá máa ń bà ọ́, ẹni tó bá ń bá ọ gbé nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Nasolo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo nawọ́ sókè, mo búra, ó sì lu òǹtẹ̀. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Lackson ní kí Luyanda mú ẹbí rẹ̀ dání tó bá tún ń bọ̀, pé òun ò ní jẹ gbèsè ẹran mọ́.

O ní kí n fi ìwé náà sínú fóònù. Mo gbé fóònù lé e lórí láti àárọ̀ títí bátìrì fi kú, kò wọlé, bóyá òǹtẹ̀ yẹn ló wúwo jù. Mo ti fi rán Wyson, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá dé Cape Town.

Jọ̀ọ́, bó o bá rówó, fi owó ajílẹ̀ àgbàdo ránṣẹ́, òjò ti ń bọ̀, kí o sì fi ti oògùn orúnkún kún un. Má fi sórí fóònù tèmi, kówó má lọ kú sínú ẹ̀. Ti pásítọ̀ ni kí o fi sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni tó máa yẹ ìwé rẹ wò ti jẹun yó kó tó ṣí i. Kí ilé yín tòrò. Bí wọ́n bá sì fún ọ níwèé náà, má ya fọ́tò rẹ̀ sí wa. Ọdún mẹ́rin nìyá rẹ ti ń wo ojú rẹ nínú fóònù, tó ń nu gíláàsì rẹ̀ bí ẹni pé eruku ló bò ọ́. Gbé e wá fúnra rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kefasi.