Ìkúnlẹ̀ Níwájú Fóònù

Màmi,

Mo kí yín láti Lomé o. Orúnkún yín ńkọ́?

Ẹ bá mi yọ̀, mo ti wọ yunifásítì! Ayé ti lu jára: inú fóònù ni kíláàsì wa wà, mi ò sì ní láti ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Adakpamé pa. Àárín àwọn bàsíà tí mò ń tà ni mo jókòó sí tí mò ń kàwé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa, Madame Thérèse, yọjú, ó ní, "Bonjour." Ara mi ò gbà kí n jókòó kí olùkọ́, ni mo bá kúnlẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ tó ń pariwo pé, "Làtífátù dà? Ó ti lọ!" Àṣé bí mo ṣe kúnlẹ̀, fóònù ò rí mi mọ́. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí.

Ọkọ mi ò tíì dé láti Cotonou. Ilé pa rọ́rọ́, ó dáa fún ìwé kíkà. Ẹ má ronú rárá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Tí Iléyá yìí náà bá dé tí ẹ ò rí mi, ẹ má sọ pé Làtífátù ti lọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níwájú yín.

Làtífátù yín