Èsì Tí Mo Kọ Sí Córdoba

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Karùn-ún 2025
Madamu Bíró ti lọ. Orúkọ tí mo fún Mubeenah àbúrò mi nìyẹn, látìgbà tí iṣẹ́ bíró, iṣẹ́ ọ́fíìsì, ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí ìlú San-Pédro lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Danielle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ní ẹ̀gbọ́n kan tó lọ́kọ sí Córdoba nílẹ̀ Sípéènì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fẹ́ wo àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀.

Màmá ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà lánàá. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà. Ìsinmi ọdún yìí ni Mubeenah ti ṣèlérí pé òun máa fi bá wọn lọ sí Mẹ́kà. Ó ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Màmá ní, "Ṣé èmi àti Ọlọ́run jọ ṣàdéhùn ọdún tó ń bọ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀. Àánú àwọn méjèèjì ló ṣe mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Fọ́tò àkọ́kọ́ dé sórí fóònù Màmá. Afárá kan — wọ́n ní àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló kọ́ ọ. Mubeenah dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e fún Màmá ní ìsọ̀ aṣọ wa ní ọjà Treichville, àdúgbò wa. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ó ti rù." Mo bi wọ́n pé kí ni kí n kọ sí i, torí Màmá ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń bá wọn kọ ọ́. Wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 7
Orí ń fọ́ Màmá. Wọn ò jẹun alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 8
Màmá ti kú. Wọ́n kírun Súbùhì tán, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọn ò dìde mọ́. Kó tó di Aásárì a ti sin wọ́n. Mi ò tíì lè sunkún.

Alhaji Àrìmíyàù, àbúrò Màmá, pe gbogbo ilé jọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ túfọ̀ fún Mubeenah. A kì í fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lé ẹni tó wà lájò bá. Bó bá délé, tó jókòó, tó mumi, ìgbà náà la ó sọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún àwọn nígbà tí bàbá wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wá fi fóònù Màmá lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ náà lò ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Máa kọ ọ́ lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Òdòdó. Fọ́tò mẹ́tàlá. Wọ́n ń ṣọdún òdòdó ní Córdoba, àwọn onílé ń ṣí àgbàlá wọn kí àlejò wọlé wá wò ó. Àgbàlá tiwa náà kún — ẹní, àga, àwọn tó wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Fóònù ń dún lápò mi. Mo kọ "Ó dára." Ó pè. Mi ò gbé e. Mo kọ ọ́ pé ọ̀fun ń dun Màmá, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Irọ́ ti di méjì.

Ọjọ́ Ajé, 12
Ó wọ ilé ńlá kan lónìí, mọ́sáláṣí ni nígbà kan rí, ṣọ́ọ̀ṣì ni báyìí. Òpó lọ, òpó bọ̀, ó ní òun kà á títí ó fi sú òun. Ó rí ibi tí lèmọ́mù máa ń dúró sí. Ó fẹ́ forí kanlẹ̀, wọ́n ní wọn kì í ṣe é níbẹ̀. Ó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, ó kọ̀wé. Bó ṣe kọ ọ́ rèé: "Màmá, mo ti rí ilé àdúrà ẹlòmíì kí ẹ tó rí èyí tí ẹ̀ ń fẹ́. Ojú ń tì mí. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ ní kí Àǹtí Látífà kọ ọ́. Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, ẹ má fèsì."

Ẹ má fèsì. Ó yẹ kó rọrùn.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sí ìsọ̀. Mo wọn aṣọ fún oníbàárà méjì, mo gé ti ọ̀kan kúrú. Nígbà tí mo dé, ó ti tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá?" Àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé. Mi ò lè wò ó kó jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́: "Mo ti dárí jì ọ́ látọkàn wá, ọmọ mi. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀."

Ó fi ohùn ránṣẹ́. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbọ́ ọ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Ẹyin lohùn. Kí ni mo ní tí mo fi ń dárí jini lórúkọ òkú?

Ọjọ́bọ̀, 15
A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màmá. Àwọn ààfáà ké kéwú dáadáa, èrò pọ̀. Mubeenah fi fọ́tò ilé ìṣọ́ kan ránṣẹ́. Mo sunkún lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Ó dé. Ó mumi tán, Alhaji sọ fún un. Ó ṣubú lulẹ̀, a gbé e dìde. Nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀, èmi ló dì mú. "Wọ́n ṣáà dárí jì mí kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Àǹtí." Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n lọ. Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì èsì náà. Alhaji wò mí. Wọ́n ní kí wọ́n tún bu omi wá fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 18
Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tèmi ò pé ọjọ́ kan. Mubeenah jí, ó ka ọjọ́ lórí ìka. Ó ní a dúpẹ́, ọ̀túnla ni ọjọ́ kẹjọ, àdúrà Màmá bá òun nílé. Kí n tó dá a dúró, ó ti pe ààfáà. Ààfáà pe Alhaji, wọ́n bi wọ́n pé ṣé òkú míì tún wà nílé wa ni.

Mo mú un wọ yàrá Màmá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n kú. Ọjọ́ tí mo kọ èsì. Mo rò pé á pariwo. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ń yí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ Màmá sókè, ó kọjá Córdoba, ó kọjá ọdún yìí, ó kọjá èyí tó ṣáájú. Ọmọ mi, máa jẹun o. Ọmọ mi, mò ń rántí rẹ. Ọmọ mi, inú mi dùn sí ọ. Ó gbé e síwájú mi.

"Àǹtí, nínú gbogbo èyí, èwo ni ti Màmá?"

Màmá ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kàn ní, "Kí i." Èmi ni mo máa ń fi ìyókù kún un.