Agogo Tí Mo Lù Lẹ́yìn Tí Òrìṣà Ti Sọ̀kalẹ̀

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní,
Dehradun.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kọkànlá.

Didi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbé gègé láti kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti wọ ilé ọkọ, ọ̀dọ̀ Ìyá wa ni ìkíni mi máa ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kò sì yẹ kí àbúrò ṣàdédé máa di ẹrù ọkàn rẹ̀ ru ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé àna. Mo ti ya ìwé yìí dànù rí kí n tó tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá jọ àfojúdi lójú yín, ẹ kà á sí ìwà ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á dé òpin.

Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín nígbà gígé koríko ti fúyẹ́, àti pé ọmọ yín ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ní ti baba ọkọ yín, Bàbá Àwòrò, inú ọkàn yín nìkan ni kí ẹ ti bá mi kí wọn. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ní tèmi, ara mi yá, mo ń jẹun. Ẹ̀kọ́ ni n kò lè sọ pé ó ń lọ dáadáa. Àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ìgbà tí omi ń ya lórí òkúta, kí n tó mú gbólóhùn kan, mẹ́ta ti kọjá lọ. Mo máa ń kọ ohun tí kò yé mi sílẹ̀, mo sì máa ń mi orí bíi pé ó yé mi. Nínú ilé oúnjẹ, mo máa ń sáré jẹun kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé èmi nìkan ni mo jókòó. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pe orúkọ mi níbí, Ará Òkè ni wọ́n ń pè mí. Nirupam tí a jọ ń gbé yàrá nìkan ló ń gbìyànjú láti pe orúkọ náà. Ìlú etí odò ní Bengal ló ti wá, ẹnu rẹ̀ kò sì gba Jagmohan, Jogomohon ló ń jáde. Òjò kò tíì dá tán tó ti ń dé fìlà onírun tó bo orí, etí àti ọrùn. Àwa méjèèjì kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń sùn lọ fọnfọn, èmi ni mo máa ń jí i lọ sí kíláàsì.

Ẹ mọ ẹ̀jẹ́ tí Ìyá wa jẹ́, pé bí mo bá wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, àwọn yóò gbé agogo lọ so fún Òrìṣà lókè Devdhar. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè gùn ún mọ́. Wọ́n fi aṣọ ìbora wọn àtijọ́ di agogo náà, wọ́n fi rán awakọ̀ sí mi, wọ́n ní: “Gbé e lọ kí Òrìṣà tó sọ̀kalẹ̀ lọ lo ìgbà òtútù nílé Àwòrò. Ọwọ́ Àwòrò ni kí o fi lé. Má lù ú o! Ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́, ti Òrìṣà ni.” Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri ilé ẹ̀kọ́, mo ní àyè ṣì wà. Didi, ọmọ ilé wa wo ni kì í mọ̀ pé a kì í fi kàlẹ́ńdà ara ògiri ka ọjọ́ Òrìṣà? Bàbá Àwòrò a wo òṣùpá, wọn a sì kéde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ara ògiri ni mo wò. Oṣù díẹ̀ péré ni mo lò níbí tí mo ti ń ṣe bí àlejò.

Lákòókò náà ni Lokesh, ọmọ Delhi tó máa ń kó àwọn ẹgbẹ́ wa kiri, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Ó ní: “Ará Òkè, òkè yín là ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, títí dé ṣóńṣó, a ó sì rí ilé òrìṣà yín. Ìwọ lo máa ṣáájú. Àbí kí á lọ yá ewúrẹ́ tó mọ̀nà?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Didi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni níbí máa pè mí lọ síbì kan. N kò lè sọ fún wọn pé ẹ̀yìn Ìyá wa ni mo wà nígbà kan ṣoṣo tí mo débẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnì kankan nìyí. Mo kó aṣọ mi àti ìwé mi sínú báàgì pẹ̀lú agogo náà. Láti ilé òrìṣà, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló sọ̀kalẹ̀: ọ̀kan já sí títì tó padà wá síbí, èkejì já sí abúlé yín. Mo pinnu pé bí mo bá ti fi agogo lé Àwòrò lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa sọ̀ sí, n kò sì ní padà síbí mọ́. Mo ti há ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sórí: “Didi, ibẹ̀ kò gbà mí.” Bí mo bá sì dé ibi tí ẹ máa dá mi lóhùn, n kì í lè rò ó síwájú mọ́, nítorí ẹ̀yin lẹ fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ẹ lè máa gé koríko, kí èmi lè kàwé.

A sùn sílé onítíì tó wà nísàlẹ̀ òkè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún ní ìdájí. Nirupam ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, “Jogomohon, ṣé òkè yìí ń dàgbà bí a ṣe ń gùn ún ni?” Lokesh ní, “Fìlà orí rẹ ló wúwo. Ṣí i!” Ó dáhùn pé, “Bí mo bá ṣí i níbí, ìyá mi á sín ní Bengal.” Mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń ronú pé ẹ̀rín ìdágbére ni. Nígbà tí a dé ṣóńṣó, àwọn òkè oníyìnyín tò lọ bẹẹrẹ níwájú wa, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo, oníkálukú ń to òkúta wẹ́wẹ́ jọ, ó ń fi tọrọ ohun tó ń fẹ́. Lokesh gbé kámẹ́rà fún mi kí n ya wọ́n. Mo yà wọ́n dáadáa. Kò sí ẹni tó rántí pé èmi kò sí nínú àwòrán náà.

Nígbà tí a sọ̀ dé ilé òrìṣà, ìlẹ̀kùn ti wà ní títì. Òdòdó tí wọ́n fi sin Òrìṣà sọ̀kalẹ̀ kò tíì gbẹ tán lórí àtẹ̀gùn. Mo wo òkè, mo rí àwọn agogo, gbogbo wọn ni wọ́n ti fi aṣọ funfun di ahọ́n wọn. Afẹ́fẹ́ ń mì wọ́n, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sí èyí tó dún. Mo rántí pé ẹ̀yin obìnrin ilé Àwòrò lẹ máa ń dì wọ́n. Mo nawọ́ kan ọ̀kan, mo ní bóyá ọwọ́ Didi ló so èyí.

Àwọn ẹgbẹ́ mi jẹ róòtì àti ànàmọ́ tí a gbé dání, wọ́n rí i pé kùrukùru ti ń gun òkè bọ̀, wọ́n dìde. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí. Mo jókòó títí ohùn wọn fi rá, mo gbé agogo tí n kò rí ẹni fún padà sínú báàgì, mo sì gba ọ̀nà abúlé yín.

N kò tíì rìn jìnnà tí kùrukùru fi bo ohun gbogbo, tó fi jẹ́ pé bàtà mi ni mo ń wò rìn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pè mí. Mo dúró. Ẹ rántí ohun tí Ìyá wa máa ń sọ: “Bí wọ́n bá pè ọ́ lókè, má jẹ́ ìpè kìn-ín-ní, má jẹ́ ìkejì. Àwọn ọmọbìnrin orí òkè, àwọn iwin tó ń tan ènìyàn lọ, kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.” Ó tún pè, ó dà bíi pé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun ni, níbi tí koríko ti máa ń yọ̀. Mo dúró de ìpè kẹta. Kò wá. Ìgbà náà ló tó yé mi pé Jogomohon ni ohùn yẹn pè. Didi, àwọn ọmọbìnrin orí òkè wa kì í ṣe ọmọ Bengal.

Mo kígbe títí ọ̀fun mi fi há. Kùrukùru ń gbé ohùn mi mì. Mo sáré padà sí ilé òrìṣà. Mo mọ òfin, pé bí Òrìṣà bá ti sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn ló ni òkè títí ìgbà ìrúwé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu agogo níbẹ̀. N kò fọwọ́ kan èyí tí ẹ dì. Mo tú aṣọ Ìyá wa, mo gbé agogo wa sókè, mo sì lù ú. Ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó lọ, n kò sì lè pè é padà. Mo lù ú títí apá mi fi kú, mo pààrọ̀ ọwọ́, mo tún lù ú. Mo ń ronú pé Bàbá Àwòrò ti gbọ́ ọ, wọ́n ti jáde sójúde, wọ́n ń wòkè. Mo ń ronú pé ẹ̀yin náà ti gbọ́. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo sì ń lu agogo lọ.

Fìlà ni mo kọ́kọ́ rí. Nirupam jáde láti inú kùrukùru bí àgùntàn tó sọnù, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan kún fún omi. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ní: “Ṣé oúnjẹ ti délẹ̀ ni, tí o fi ń lu agogo báyìí?” Mo bi í pé kí ló dá a padà. Ó ní: “A ka ara wa lójú ọ̀nà, a ò pé, ó ku ẹnìkan. Lokesh ní ará òkè kì í sọnù lórí òkè. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jí mi lọ sí kíláàsì?” Ó wò mí. “Mo pè ọ́, o ò dáhùn.” Mo ní, “Mò ń dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta.” Ó ní, “Ẹ̀yin ará òkè yìí! Ẹ̀ẹ̀kẹta? Mo ti ń yọ̀ lọ!”

Kí a tó kúrò, mo so agogo Ìyá wa mọ́ àárín àwọn yòókù. N kò lè fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìbora náà nípọn jù, n kò sì ní ọ̀bẹ. Ohun tí mo ní kò ju òwú pupa àti yẹ́lò tí ẹ so mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ lọ́jọ́ ọdún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nígbà òjò lọ. Ti àwọn ọmọkùnrin yòókù níbí ti já bọ́ tipẹ́, tèmi kò já, nítorí mo ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ mi ti kú, eyín ni Nirupam fi bá mi tú u. Ó bi mí pé, “Ta ló so ó?” Mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó ní, “Wọn ò ní bínú?” Mo ní n kò mọ̀, mo sì fi òwú náà di ahọ́n agogo.

Nígbà tó bá mi gbé báàgì, ó ní: “Kí lo dì síbí, ilé?” Mo ní ìwé ni. “Ìwé, lórí òkè!” Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dé oríta. Ó nawọ́ sí ọ̀nà kan, ó nawọ́ sí èkejì, ó ní, “Ibí ni, àbí ọ̀hún?” Didi, ọ̀hún ni ilé yín. Ó dà bíi pé mo ń gbóòórùn èéfín ààrò yín. Mo wo bàtà rẹ̀ tó ń ṣomi. Mo ní, “Ibí ni.”

N kò ní parọ́ fún yín pé àárò ti dá lára mi. Mo ṣì ń kọ ohun tí kò yé mi. Alẹ́ ṣì ń gùn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jí Nirupam, ó bú mi, a sì jọ lọ. Kò mọ̀ títí di òní pé mo ti ń lọ pátápátá nígbà tó ń wá mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ṣé ẹ̀jẹ́ Ìyá wa ṣẹ báyìí? Ṣé mo ti gba ohùn tó jẹ́ ti Òrìṣà fún ènìyàn ẹlẹ́ran ara? Òrìṣà kò sí lókè, ilé yín ló wà. Bí ẹ bá gbọ́ agogo lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, tí ẹ̀rù bà yín, èmi ni. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi pẹ̀lú.

Kí ọwọ́ yín má rọ, kí màlúù yín má gbẹ wàrà, kí òtútù ọdún yìí rọra kọjá lórí ilé yín, kí ọmọ yín dàgbà lójú yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́ sí ìwé,
Jagmohan.

Àfikún: Olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ni ní abúlé yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ọwọ́ yín nìkan ni yóò fi lé. Nígbà ìrúwé, bí ẹ bá tẹ̀lé Òrìṣà gòkè láti tú ahọ́n àwọn agogo, ẹ bá mi ṣáájú àwọn obìnrin yòókù. Ẹ óò rí ọ̀kan tí kì í ṣe aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í. Ẹ tú u fúnra yín, kí ẹ sì fi òwú náà pamọ́ sínú ìdìkù aṣọ yín kí Bàbá Àwòrò tó débẹ̀. Ìyá wa kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ dákun, ẹ sun lẹ́tà yìí nínú ààrò, kí ó wà láàárín èmi, ẹ̀yin àti agogo náà.