Bí Mo Ṣe Gbà Láti Kan Bọ́ọ̀lù Bí Ewúrẹ́

Weston,
Toronto, Kánádà.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ìdẹ̀raolúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn? Ìfẹ́ ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ara tèmi le, àfi apá tó ń ro mí.

O bi mí pé kí ni "bunt" tí mò ń pariwo lórí fóònù. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí ọ, o ò ní fi igi gbá a tagbáratagbára. Wàá kàn na igi síwájú kí bọ́ọ̀lù kàn án, kó sì bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Wọ́n lè mú ìwọ jáde, ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ tó wà níwájú á ráyè sáré wọlé, ìyẹn ilé ayò, ẹ ó sì jẹ ayò kan. Kóòṣì wa, Bọ̀dá Ọlárìndé, ní ó jọ pé ara "butt" ni orúkọ náà ti yọ, ìyẹn kí ẹran fi orí kan nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dájú. Inú bí mi. Ṣé torí pé mo kúrú ni kí n ṣe máa kàn bí ewúrẹ́? Èmi tí mo fẹ́ gbá a kọjá fẹ́ǹsì!

Afẹ́fẹ́ ni gbogbo èyí tí mò ń gbá. A wá fẹnu kò pé tí Bọ̀dá bá ti fọwọ́ kan fìlà, kí n ṣe bunt. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fọwọ́ kan fìlà, wọ́n mi orí sí mi, mo bá kúnlẹ̀ kí wọn! Bọ́ọ̀lù kọjá lórí mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Àbíkẹ́, this is baseball o, kì í ṣe ìkínni. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá, mo máa fi ẹlòmíì sí ipò ẹ."

Mi ò lè gbà. "Nurse" ni wọ́n ń pè mí ní ọsibítù, mi ò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nílé. Inú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù obìnrin yìí nìkan ni mo ti ń jẹ́ Àbíkẹ́. Mo bá lọ bẹ Àǹtí Mùtíátù, àgbà ẹgbẹ́ wa, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, pé kí wọ́n kọ́ mi. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti shift dé, wọ́n á máa ju bọ́ọ̀lù sí mi lẹ́yìn ilé. Ìka mi wú, mi ò dáwọ́ dúró. Àwọn fúnra wọn ò tíì sáré wọlé rí látìgbà tí wọ́n ti ń ṣeré.

Àná ni àṣekágbá. Ayò dọ́gba, Àǹtí sì ti wà ní ibùdó tó kẹ́yìn kéèyàn tó wọlé. Bọ̀dá fọwọ́ kan fìlà. Orúnkún mi tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, mo bú u! Mo na igi, bọ́ọ̀lù kàn án, ó bọ́ sínú koríko. Mo sáré títí, wọ́n ṣì mú mi jáde. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Àǹtí ti jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú ilé ayò, wọ́n ń sunkún.

"Àbíkẹ́, èmi náà mà ti débí!"

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n mú mi jáde, ṣùgbọ́n àwa la borí, mo sì ń jó. Bọ̀dá ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Bá mi kí Màmá, kí o sì gbé Ìfẹ́ mọ́ra fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fẹ́nì kan,
Àbíkẹ́